Ọ́ìlì Tí A Kò Wọ̀n Ni Í Pa Ẹ̀rọ Ìgékoríko

Òjò ti dé, koríko sì ti ń hù ní gbogbo ibi tí ilẹ̀ bá ṣí sílẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìgékoríko, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní brush cutter, ni a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Kì í ṣe pé a fẹ́ sọ gbogbo yín di mẹ́káníìkì o. Owó ẹgbẹ́ ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ sì kan gbogbo wa.

Ẹni tó bá ń gbé Ajégúnlẹ̀ mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe rí. Láàárọ̀ kùtù, àwọn ọ̀dọ́ a gbé ẹ̀rọ kọ́ èjìká, wọ́n a gba Boundary kọjá sí Àpápá, wọ́n a lọ gé koríko ọgbà àwọn ilé ńláńlá tó wà ní GRA, ti àwọn ilé iṣẹ́, ti ilé ìjọsìn àti ti ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Láyé àtijọ́, àdá ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọkùnrin mẹ́ta a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nídìí ọgbà kan ṣoṣo. Lónìí, ọmọ kan tó ní ẹ̀rọ tó dára a ti ṣe ọgbà náà tán kó tó di ọ̀sán, a sì tún ti mú òmíràn mọ́ ọn.

Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa fi ń wá yá owó ra ẹ̀rọ yìí. Àwọn kan rà á fún ọmọ tàbí àbúrò tí kò rí iṣẹ́ ṣe. Àwọn mìíràn rà á, wọ́n sì ń fi í háyà, kí ẹni tó gbà á máa mú owó wá ní ìrọ̀lẹ́. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ohun tí à ń gbọ́ ní ìpàdé ìgbìmọ̀ kò dùn mọ́ wa nínú. Ẹ̀rọ ń kú, gbèsè rẹ̀ kò kú.

Ẹ jẹ́ kí a fi ti ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ, a kò ní dárúkọ rẹ̀. Ìyá kan tó ń ta aṣọ láàrin wa yá owó ra ẹ̀rọ tuntun fún ọmọ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Onídùúró méjì ló fọwọ́ sí ìwé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, owó ń wọlé dáadáa. Ọ̀rẹ́ ọmọ náà kan ló ń bá a po epo láràárọ̀, òun kò sì béèrè pé kí ni ọ̀rẹ́ náà ń dà sí i. Lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ kò wá, ó lọ ra epo lásán, ó rọ ọ́ sínú táńkì, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ fi dákẹ́ sáàrin ọgbà. Wọ́n fa okùn ìfaná, okùn kò gbéra mọ́. Nígbà tí mẹ́káníìkì tú u, písítìnnì ti há mọ́ sílíńdà, ara àwọn méjèèjì sì ti họ bí ẹni pé wọ́n fi ìṣó ya á. Ọmọ náà ní òun rò pé ọ́ìlì ti wà nínú ẹ́ńjìnnì láti ilé iṣẹ́ wá, bíi ti mọ́tò.

Ìyá náà ṣì ń san owó yẹn láti inú èrè aṣọ. Oṣù méjì wà tí agbára rẹ̀ kò gbé e, àwọn onídùúró rẹ̀ ló san án. Ọ̀kan nínú wọn ti sọ fún wa pé òun kò tún ní fọwọ́ sí ìwé fún ẹnikẹ́ni mọ́ láyé òun. Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀rọ kan ló bàjẹ́, ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé tó wà láàrin èèyàn mẹ́ta ló ba á lọ. Lórí ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dúró lé.

BÍ Ẹ́ŃJÌNNÌ NÁÀ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ẹ́ńjìnnì mọ́tò ní ikùn tí ọ́ìlì ń gbé. Ẹ ó fa ọ̀pá ìwọ̀n jáde, ẹ ó wò ó, ẹ ó sì mọ̀ bóyá ó kù tàbí kò kù. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní four-stroke. Písítìnnì rẹ̀ a gòkè, a sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí iná tó jó lẹ́ẹ̀kan nínú rẹ̀. Èyí tó wà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ ìgékoríko yàtọ̀. Two-stroke ni tirẹ̀: ní gbogbo ìgbà tí písítìnnì bá gòkè tó sì sọ̀ kalẹ̀ ni iná ń jó. Ìdí nìyẹn tí ohun kékeré tí ọmọdékùnrin lè gbé kọ́ èjìká fi lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò ní ikùn ọ́ìlì. Bí ó ti ń mí nìyí: epo àti afẹ́fẹ́ tí kabúrétọ̀ pò pọ̀ kì í lọ tààrà sí ibi tí iná wà. Abẹ́ písítìnnì ni ó kọ́kọ́ ń wọ̀, níbi tí káráńkì ti ń yí. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń gba ihò ẹ̀gbẹ́ sílíńdà gòkè lọ jóná. Bí ó ti ń kọjá yẹn, ọ́ìlì tó wà nínú epo a máa ta sára bíárìnnì, sára ríǹgì àti sára sílíńdà, kí irin má baà máa họ irin. Lẹ́yìn náà, òun pẹ̀lú a jóná, a bá èéfín jáde. Kò sí èyí tó ń padà wá.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé gbogbo epo tó bá wọ inú ẹ̀rọ yìí gbọ́dọ̀ mú ọ́ìlì tirẹ̀ dání. Bí ẹ bá fi epo lásán ṣiṣẹ́, ẹ kò rí ibì kankan tí ọ́ìlì àná fara pamọ́ sí tí yóò gbà yín.

Ẹ̀yin àgbà tó gun Vespa láàrin 1960 sí 1979 kò ní ṣe ìyàlẹ́nu sí ọ̀rọ̀ yìí. Two-stroke ni Vespa ìgbà náà. Kò sí ẹni tó ń gùn ún tí kò mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ da ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo rẹ̀. Ìmọ̀ náà wà nílẹ̀ láàrin wa tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọn kò gun Vespa rí ni kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ́ńjìnnì náà kì í ṣe ohun tuntun. Dugald Clerk, ará Scotland, gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ kan ní 1881. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Joseph Day ti ìlú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe èyí tí epo àti afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ písítìnnì kọjá, bí a ti ṣàlàyé rẹ̀ lókè. Okùn tó ń gé koríko ní tirẹ̀, ọdún 1971 ni. George Ballas, oníṣòwò kan ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà, ń wo bí búrọ́ọ̀ṣì ṣe ń yí níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ mọ́tò. Ó rò ó pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè gé koríko ìdí igi láìpa èèpo igi lára. Ó mú agolo òfìfo, ó dá ihò sí i lára, ó ki okùn ìpẹja sínú ihò náà, ó sì fi ẹ̀rọ yí i. Agolo àti okùn yẹn ló di iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn ọmọ wa fi ń jẹun lónìí.

BÍ A ṢE Ń WỌN ỌN

Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ má jù ú nù pẹ̀lú páálí. Ìwọ̀n méjì ló wọ́pọ̀ jù. Àkọ́kọ́ ni ìdá kan ọ́ìlì sí ìdá àádọ́ta epo, tí wọ́n ń kọ ní 50:1. Èkejì ni ìdá kan sí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, tí wọ́n ń kọ ní 25:1. Àwọn ìwé kan a sì sọ pé kí a fi 25:1 bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ṣì jẹ́ tuntun, kí a tó wá bọ́ sí èkejì. Ohun tí ìwé tiyín bá wí ni kí ẹ ṣe.

Bí ó bá jẹ́ 50:1:
Epo lítà 1, ọ́ìlì 20 ml.
Epo lítà 4, ọ́ìlì 80 ml.
Epo lítà 5, ọ́ìlì 100 ml.
Epo lítà 10, ọ́ìlì 200 ml.

Bí ó bá jẹ́ 25:1:
Epo lítà 1, ọ́ìlì 40 ml.
Epo lítà 4, ọ́ìlì 160 ml.
Epo lítà 5, ọ́ìlì 200 ml.
Epo lítà 10, ọ́ìlì 400 ml.

Ẹ má fi ìdérí ìgò wọ̀n ọ́n, ẹ má sì fi ojú wọ̀n ọ́n. Ẹ lọ sí ilé ìtàjà oògùn, ẹ ra síríǹjì ńlá tí a kọ 20 ml sí lára. Síríǹjì kan tó kún dọ́gba pẹ̀lú epo lítà kan ní 50:1. Síríǹjì méjì ni fún 25:1. Ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá lè ka síríǹjì kan, síríǹjì méjì. Ẹ yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù dáadáa kí ọmọdé má baà gún ara rẹ̀, ẹ sì so ó mọ́ ọrùn kẹ́ẹ̀gì kó má baà sọnù.

Ìṣọ́ra kan tún wà nípa kẹ́ẹ̀gì. Kẹ́ẹ̀gì tí à ń pè ní onílítà márùn-ún lè gbà ju lítà márùn-ún lọ bí wọ́n bá rọ epo dé ẹnu rẹ̀. Iye lítà tí ẹ rà ni kí ẹ fi ṣírò. Ẹ kọ́kọ́ da epo díẹ̀ sí kẹ́ẹ̀gì, ẹ da ọ́ìlì sí i, ẹ mì ín, kí ẹ tó wá da epo tó kù lé e. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá sì fẹ́ rọ ọ́ sí táńkì, ẹ tún un mì. Inú kẹ́ẹ̀gì lọ́tọ̀ ni kí ẹ ti pò ó. Ẹ má da epo sí táńkì kí ẹ tó wá máa kán ọ́ìlì lé e lórí.

Irú ọ́ìlì wo? Èyí tí wọ́n kọ 2T tàbí two-stroke sí lára ni. Wọ́n ṣe é kó lè jóná pẹ̀lú epo. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì mọ́tò kì í jóná bẹ́ẹ̀. Eérú àti ẹ̀dà dúdú ni yóò fi sílẹ̀ sórí písítìnnì àti púlọ́ọ̀gì. Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fà jáde lára mọ́tò ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò rárá. Ìdọ̀tí irin ló kún inú rẹ̀.

Àwọn kan a ní, “Kí n kúkú dà á púpọ̀, kí ọkàn mi balẹ̀.” Èyí náà kò dára. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, púlọ́ọ̀gì a rin, èéfín a pọ̀, ẹ̀dà dúdú a sì dí ihò tí èéfín ń gbà jáde. Ẹ̀rọ a bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, kò ní lè yára mọ́. Iyọ̀ ọbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà: bí kò bá tó, kò dùn, bí ó bá pọ̀ jù, kò ṣeé jẹ.

Ohun kan kí a má gbàgbé: ẹ̀rọ ìgékoríko four-stroke pẹ̀lú ti wà lọ́jà. Èyí ní ilé ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀, epo lásán ni a sì ń rọ sí táńkì rẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó, kí ẹ má baà fi oúnjẹ ti ìkíní bọ́ ìkejì.

EPO TÓ DÁRA ÀTI EPO BÚRÚKÚ

A mọ̀ pé epo wọ́n. Ní oṣù karùn-ún 2023 ni ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, lítà kan fò láti nǹkan bíi ₦185 lọ sí ₦488 ní ilé epo NNPC ní Èkó. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹwàá 2024, ó ti fẹ́ẹ̀ tó ₦1,000. Ó yé wa nígbà náà pé ọmọ tó ń gé koríko fẹ́ ra epo níbi tó bá ti pọ́ọ́kú, tí kò sì fẹ́ náwó lórí ọ́ìlì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ọ́ìlì fún lítà kan, síríǹjì kan tàbí méjì péré ni. Písítìnnì, ríǹgì àti sílíńdà tuntun pẹ̀lú owó iṣẹ́ mẹ́káníìkì a gba èrè ọ̀pọ̀ ọjọ́ lọ́wọ́ yín. Owó tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́ lórí ọ́ìlì, ilé mẹ́káníìkì ni ẹ tọ́jú rẹ̀ sí.

Epo ẹ̀bá ọ̀nà tí wọ́n ń tà nínú ìgò, ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó lè ní omi, ó lè ní kẹrosíìnì. Bí ẹni tó ń tà á bá tún sọ pé òun ti bá yín pò ó mọ́ ọ́ìlì, ta ló wọ̀n ọ́n? Ilé epo pàápàá lè ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ní oṣù kejì 2022, àjọ tó ń ṣàkóso epo ní Nàìjíríà jáde sọ pé epo kan tí wọ́n kó wọ ìlú ní ọtí methanol nínú ju iye tí òfin gbà lọ. Ọ̀pọ̀ ẹni ló wọ́ mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀ lọ sí ilé mẹ́káníìkì lákòókò náà. Methanol a máa jẹ rọ́bà, ọ̀nà epo àti awẹ́ rọ́bà inú kabúrétọ̀ ẹ̀rọ kékeré sì kún fún rọ́bà.

Nítorí náà, ẹ rà á níbi tí ẹ mọ̀, ẹ fi asẹ́ tó mọ́ sẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kó dúró díẹ̀ nínú ìgò funfun kí ẹ wò ó: omi a máa sọ̀ sí ìsàlẹ̀. Èyí tí ẹ bá ti pò, ẹ má jẹ́ kó ju oṣù kan lọ nínú kẹ́ẹ̀gì.

PÚLỌ́Ọ̀GÌ NI YÓÒ SỌ FÚN YÍN

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ara ẹ̀rọ ṣe rí, kó yọ púlọ́ọ̀gì wò. Bí ẹnu rẹ̀ bá ní àwọ̀ bíi kọfí, ara le. Bí ó bá dúdú tó sì rin, ọ́ìlì pọ̀ jù, tàbí fílítà afẹ́fẹ́ ti dí, tàbí wọ́n gbàgbé láti dá choke padà. Bí ó bá funfun gbẹ, ewu nìyẹn: epo tàbí ọ́ìlì kò tó, tàbí afẹ́fẹ́ ń wọlé níbi tí kò yẹ. Kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró, kí wọ́n wá ohun tó fà á. Àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì kì í sábà ju 0.6 sí 0.7 mm lọ, ìwé ẹ̀rọ yóò sọ ọ́.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ìtọ́jú ẹ̀rọ yìí kò le:

Lójoojúmọ́, kí wọ́n tó jáde, kí wọ́n wo bóyá bóòtù tú, bóyá epo ń jò, bóyá fílítà afẹ́fẹ́ mọ́. Lẹ́yìn iṣẹ́, kí wọ́n nu koríko tútù àti ẹrẹ̀ kúrò lára ẹ̀rọ, pàápàá lára àwọn irin pẹlẹbẹ tó yí sílíńdà ká. Afẹ́fẹ́ tó ń kọjá láàrin àwọn irin wọ̀nyẹn nìkan ló ń mú un tutù. Kò ní omi bíi mọ́tò. Bí koríko bá dí wọn, ẹ̀rọ a gbóná kọjá ààlà, ọ́ìlì tí ẹ sì fara balẹ̀ wọ̀n kò ní lè gbà á sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n yọ fílítà afẹ́fẹ́, kí wọ́n fi omi ọṣẹ fọ èyí tó jẹ́ fóòmù, kí wọ́n fún un, kí wọ́n sá a kó gbẹ. Kí wọ́n nu púlọ́ọ̀gì.

Lóṣooṣù, kí wọ́n wo fílítà kékeré tó wà nínú táńkì epo, kí wọ́n ha ẹ̀dà dúdú kúrò lẹ́nu sàìlẹ́ńsà, kí wọ́n sì fi gíríìsì sí orí ìsàlẹ̀ ibi tí okùn ti ń yí. Ibẹ̀ ní ihò bóòtù kékeré kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé ó wà. Níbi tí a wà yìí, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ òkun kò jìnnà sí wa, ìpẹtà a sì máa tètè mú irin. Kí wọ́n fi aṣọ tó ní ọ́ìlì díẹ̀ pa á lára.

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tí iṣẹ́ bá dínkù, kí wọ́n má kàn gbé e jù sí kọ̀rọ̀. Kí wọ́n da epo táńkì kúrò, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀. Bí epo bá gbẹ sínú kabúrétọ̀, a máa dà bí oje igi, a sì dí àwọn ihò tó kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì, kí wọ́n kán ọ́ìlì 2T díẹ̀ sí ihò rẹ̀, kí wọ́n rọra fa okùn ìfaná lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì dá púlọ́ọ̀gì padà.

OKÙN ÀTI ÌBÒRÍ RẸ̀

Àṣà kan wà tí a ń rí lójú pópó tí kò dára. Àwọn ọmọ a tú ike ìbòrí tó wà lókè okùn kúrò, kí okùn lè gùn, kó lè gé ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lára ike yẹn ni abẹ kékeré tó ń gé okùn sí ìwọ̀n tó yẹ wà. Bí okùn bá gùn ju bó ti yẹ lọ, ó di ẹrù lọ́rùn ẹ́ńjìnnì. Yóò máa kérora, kò ní lè yára, yóò sì gbóná. Èyí nìkan tó láti pa á, kódà bí ọ́ìlì bá pé.

Ike náà ló sì ń dá òkúta padà. Òkúta tí okùn bá gbá lè fọ́ ojú ẹni tó ń kọjá tàbí gíláàsì mọ́tò onímọ́tò. Kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wọ awò ojú àti bàtà líle, kí àwọn ènìyàn sì fi nǹkan bíi mítà 15 jìnnà sí i. Kí ó jẹ́ kí ẹ̀rọ tutù kó tó rọ epo sí i. Epo tó bá kán sórí sàìlẹ́ńsà gbígbóná, iná ni.

JẸNẸRÉTỌ̀ KÉKERÉ PẸ̀LÚ

Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa ń pè ní “I better pass my neighbour”, two-stroke ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí a ṣe ń wọn ọ́ìlì fún ẹ̀rọ ìgékoríko náà ni a ń wọ̀n ọ́n fún un, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ sì ń sọ òtítọ́ kan náà. Ẹ̀yin téèlọ̀, ẹ̀yin onígèrígèrí, ẹ̀yin tí ẹ ń ta omi tútù, ẹ fi síríǹjì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì tiyín.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí kan ni a fi kún un. Èéfín ẹ́ńjìnnì ní gáàsì kan tí kò lóòórùn, tí kò láwọ̀, tó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ nínú yàrá, nínú ṣọ́ọ̀bù tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí yàrá dojú kọ yàrá. Òjò tàbí olè kò tó ìdí láti gbé e wọlé.

BÍ Ẹ BÁ FẸ́ RÀ

Yálà Alaba ni ẹ lọ ni o, yálà Trade Fair ni, ẹ mú ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n dání. Ẹ ní kí wọ́n tan án lójú yín. Ẹ béèrè bóyá ríǹgì, kabúrétọ̀ àti okùn ìfaná rẹ̀ wà fún títà lọ́tọ̀. Ẹ̀rọ tí a kò lè rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà, òkú ni láti ọjọ́ tí a rà á. Àwọn tí a ń rí jù ni 43cc àti 52cc. Èyí tó tóbi lágbára fún igbó líle, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì ń mu epo jù. Ọgbà Àpápá tí wọ́n ń gé déédéé kò nílò rẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì, ẹ sì mú ìwé ẹ̀rọ dání bọ̀.

OHUN TÍ ÌGBÌMỌ̀ FẸNU KÒ SÍ

Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí a má yá ẹnikẹ́ni lówó ẹ̀rọ mọ́. A jiyàn lórí rẹ̀ pẹ́. Ní ìparí, a rí i pé kì í ṣe ẹ̀rọ ló jẹ gbèsè. Àìmọ̀ ló jẹ ẹ́, àìmọ̀ sì ní oògùn. Bí a bá dá owó ẹ̀rọ dúró, àwọn ọmọ tó ń fi í jẹun lọ́nà tó mọ́ ni a fìyà jẹ.

Nítorí náà, láti oṣù tó ń bọ̀, ẹni tó bá fẹ́ yá owó ẹ̀rọ two-stroke yóò mú ẹni tí yóò lò ó gan-an wá síwájú ìgbìmọ̀. Ẹni náà yóò po epo lítà kan lójú wa, yóò yọ púlọ́ọ̀gì, yóò sì dá a padà. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, a ó kọ́ ọ lọ́jọ́ náà, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Onídùúró pẹ̀lú yóò wà níjòókòó, kó lè mọ ohun tó ń fọwọ́ sí. Èkejì, akápò yóò máa ra ọ́ìlì 2T tí ìdérí rẹ̀ kò tíì ṣí ní páálí-páálí, kí ọmọ ẹgbẹ́ lè rà á níye tí a rà á. Ẹ̀kẹta, a rọ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ háyà pé kó máa fi díẹ̀ sápá kan nínú owó tó ń wọlé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún àtúnṣe, kó tó ka ìyókù sí èrè.

Ìyá tí a sọ ìtàn rẹ̀ lókè ti gbà pé kí a fi ẹ̀rọ tó há náà ṣe ẹ̀kọ́. Yóò wà lórí tábìlì ní ìpàdé wa. Ẹ wá fi ọwọ́ kan ara sílíńdà náà, ẹ ó rí bí ìyà ọjọ́ kan ṣe ya á. Onídùúró tó bínú náà ti ṣèlérí pé òun yóò wá.

Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Síríǹjì kan sí lítà kan: ẹ kọ́ ọmọ yín lálẹ́ òní, kó tó fa okùn lọ́la.